Pudding: Ọ̀rọ̀ Kan, Oúnjẹ Oríṣiríṣi

Ẹni tó bá ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nílùú Ọba kò ní pẹ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá jẹun tán, tí wọ́n béèrè pé kí ni pudding, ohun dídùn tó ń tẹ̀ lé oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ó lè jẹ́ kéèkì, ó sì lè jẹ́ áísìkiriìmù.

Àmọ́ Yorkshire pudding kò ní ṣúgà rárá. Ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì ni wọ́n ń pò, tí wọ́n ń dà sínú ọ̀rá gbígbóná kí wọ́n tó yan án. Ẹran màlúù ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Èyí tó gba ìṣọ́ra jù ni black pudding. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n fi ọ̀rá àti ọkà pò, tí wọ́n rọ sínú awọ bíi sọ́séèjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí Mùsùlùmí má tìtorí orúkọ dídùn yẹn fi í sẹ́nu láìbéèrè.

Síbẹ̀, òun gan-an ló sún mọ́ ìtumọ̀ àtijọ́: ìfun ẹran tí wọ́n ki nǹkan sínú rẹ̀ ni pudding nígbà kan. Nígbà tó yá, aṣọ rọ́pò ìfun, wọ́n ń di ìyẹ̀fun àti èso gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n ń sè é. Ọ̀nà yẹn ni pudding Kérésìmesì gbà wáyé.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Mílíìkì àti ṣúgà ni, tí wọ́n sè títí ó fi ki bíi kọ́sítáàdì.