Aṣọ Tí Ara Dá fún Àlejò

Aago 7 àárọ̀. A ti kírun Àsùbáà tipẹ́ kí èmi àti Màmá tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Pàkátà, ní Ìlọrin, lọ síbi tí Màmá ti máa gba abẹ́rẹ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni. Oṣù tó ṣáájú ni Amẹ́ríkà fi abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti Moderna mílíọ̀nù 4 ta Nàìjíríà lọ́rẹ.

Aago 9:40. Nọ́ọ̀sì mú ìgò kékeré kan jáde nínú kúlà, ó rọra ń yí i láàárín ìka. Oògùn inú rẹ̀ funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní mì ín ni?"

"Rárá o, Màmá. Bí a bá mì ín, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹyọ ọ̀rá wíńníwíńní ló wà níbẹ̀. Bí 500 bá tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọ́n fi máa fẹ̀ tó fọ́nrán irun kan. Inú wọn ni mRNA, iṣẹ́ tí wọ́n rán sí sẹ́ẹ̀lì, wà. Wọ́n wá lẹ okùn kẹ́míkà tó ń jẹ́ PEG mọ́ ara wọn bí irun kòkòrò, kí nǹkan má baà tètè rọ̀ mọ́ wọn.

Aago 9:45. Abẹ́rẹ́ wọlé. Wọ́n ní ká jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Màmá bi mí pé, "Níbo ló ń lọ báyìí?"

Mo sọ fún un pé ara ń dáṣọ fún oògùn náà lọ́wọ́. Ní 2013, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stefan Tenzer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi ẹyọ wíńníwíńní mìíràn, tí kì í ṣe ti ọ̀rá, sínú omi ẹ̀jẹ̀. Kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé, nǹkan bí 300 oríṣi purotéènì ti bò ó. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: aṣọ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì ń rí, kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ àwọn purotéènì tó ń ṣọ́ ara ló bò ó, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹ̀dọ̀tí á gbé e mì. Bó bá jẹ́ ApoE, purotéènì tó máa ń bá ọ̀rá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á rò pé ọ̀rá tòun ló dé, á ṣílẹ̀kùn.

Àyìlà. Èjìká ń ro Màmá, síbẹ̀ ó ní òun á dé Ọjà Ọba. Ní gbogbo àkókò yìí, PEG ń já kúrò díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìrù ọ̀rá tó fi dì mọ́ ẹyọ náà kúrú ni. Ká ní ó gùn, PEG ò ní kúrò, purotéènì ò sì ní ráyè. Ọgbọ́n yìí kan náà ló gbé Onpattro, oògùn ọdún 2018 tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, dé ẹ̀dọ̀. Ìrù kékeré yẹn wú mi lórí ju mRNA fúnra rẹ̀ lọ.

Aago 10 alẹ́. Ara Màmá gbóná. Mo fi aṣọ tútù lé e níwájú orí.

"Abíyá ń dùn mí. Ṣé ó ti débẹ̀ ni?"

"Ó ti débẹ̀, Màmá."