Ṣé Kí Ìjọba Ta Dọ́kìyáàdì Tó Ti Gbó?

Dọ́kìyáàdì ni ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ti ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Tí irú ibẹ̀ bá ti gbó, àwọn kan a ní kí ìjọba tì í pa, kí wọ́n ta ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi owó náà ra irinṣẹ́ ìgbàlódé fún àwọn ọmọ ogun ojú omi. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ tó ti gbó máa ń jẹ owó. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn wí?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dọ́kìyáàdì Chatham ti wà láti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan ọkọ̀ ogun HMS Victory, tó bọ́ sómi ní 1765. Ní 1981, mínísítà ètò ààbò, John Nott, kéde pé ìjọba yóò tì í. Nígbà tí wọ́n tì í ní 1984, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́. Àmọ́ Portsmouth àti Devonport ṣì kù fún wọn.

Àwa ńkọ́? Ní 1990 ni wọ́n ṣí dọ́kìyáàdì àwọn ọmọ ogun ojú omi wa ní Victoria Island, Èkó. Ilẹ̀ àdúgbò náà wọ́n gan-an. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti kan NNS Andoni tí wọ́n ṣí ní 2012, Karaduwa ní 2016 àti Oji ní 2021. Tí a bá tì í, òkè òkun ni a ó máa gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe, dọ́là ni a ó sì fi san án. Ọjọ́ kan péré la lè fi ta ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ènìyàn fi ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ rántí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba, Nigerian National Shipping Line, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959. Ó ní ọkọ̀ tó lé ní ogún rí. Gbèsè wọ̀ ọ́, wọ́n ta àwọn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì kógbá sílé ní 1995. Títí di òní, a kò ní irú rẹ̀ mọ́.

Kò sí òkun ní Igbógìlà, ṣùgbọ́n àwa ará Yewa mọ ojú irin tó gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò. Ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́. Ohun tó bá ti kú ṣòro láti jí.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí ìjọba kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ ibòmíràn wà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà? Ǹjẹ́ òfin ti de owó náà mọ́ ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n má tà á. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.