Rédà Ojú Sánmà àti Òkun Wa

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1912, òkè yìnyín ni ó mú ọkọ̀ Titanic rì. Ènìyàn tí ó lé ní 1,500 sì bá a lọ. Ojú lásán ni wọ́n fi ń ṣọ́nà nígbà náà. Rédà inú sátẹ́láìtì ni a fi ń wá irú yìnyín bẹ́ẹ̀ lónìí: òkùnkùn kò dí i lójú, ìkùukùu kò sì dí i.

Yìnyín kì í dé etíkun Òde-Omi. Epo rọ̀bì ni tiwa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2011, epo dà sókun ní Bonga, nǹkan bí 120 kìlómítà sí ilẹ̀. Shell kéde pé kò tó 40,000 àgbá. Lọ́jọ́ kejì, rédà Envisat ya àwòrán ibẹ̀. Àwọn SkyTruth ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó gba 923 kìlómítà níbùú lóròó. Epo a máa pa ìgbì wẹ́wẹ́ ojú omi, ibẹ̀ a sì dúdú nínú àwòrán. (Omi tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí náà a máa dúdú, ẹni tí ń wò ó gbọ́dọ̀ kíyè sára.) Ẹ̀rí tí apẹja kò lè fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wá rí nìyí. NigeriaSat-1 tiwa, tí ó gòkè ní 2003, kò ní rédà; ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń ríran nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.