Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́: Afijio àti Fáàmù Sẹ́túmẹ́ǹtì Ìlọrà

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Láti 1952 ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò náà kalẹ̀. Ọmọ 456,600 ló wà ní ilé ìwé ní 1954. Ní 1955, wọ́n ti di 811,432. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan á ní owó ilé ìwé ló ti ń dí àwọn ọmọ lọ́nà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìwé ọ̀fẹ́ ń pe ọmọ wọlé, àmọ́ ohun tó bá wà lẹ́yìn ìwé ló ń sọ bóyá yóò dúró. Ibi tí mo ti rí i kedere ni agbègbè Afijio ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: ní Jobele tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà lónìí, ní Fìdítì, àti ní Ìlọrà jù lọ.

Ìlú àgbẹ̀ ni wọ́n. Bàbá tó fi ọmọ sílé ìwé ti yọ ọwọ́ kan kúrò nínú ebè àti oko ríro, owó tí ìjọba kò sì lè san fún un nìyẹn. Ó fara mọ́ ọn nítorí pé ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà lè di akọ̀wé tàbí tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ẹ̀rí yẹn kò tún ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́. Ilé ìwé mọ́dà tó tẹ̀ lé ìwé mẹ́fà, ọdún mẹ́ta gbáko, ń gbowó. Ẹni tí kò rí owó náà san kò fẹ́ padà sídìí ọkọ́ bàbá rẹ̀, ó sì forí lé Ìbàdàn.

Èyí ló mú kí ìjọba dá fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀ láti 1959, nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ní àwòkọ moshav, ìyẹn abúlé àgbẹ̀ alájùmọ̀ṣe àwọn ará Ísírẹ́lì. Ìlọrà wà lára àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Wọ́n kọ́ ọ̀dọ́ tó ti jáde ìwé ní iṣẹ́ oko láìgbowó, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ àti ilé. Mo gbà pé ìfẹ́ oko kọ́ ló mú ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé ìwé mẹ́fà ni, kò sì béèrè owó.

Ọ̀pọ̀ wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Ilé, irinṣẹ́ àti irúgbìn tí wọ́n rò pé ọ̀fẹ́ ni di gbèsè tí wọ́n ní láti san láti inú ìkórè. Igi kòkó tàbí ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn láwọn fáàmù tó wà nínú igbó gba ọdún púpọ̀ kó tó so. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń sọ ohun tí wọ́n máa gbìn, ilẹ̀ náà kò sì jẹ́ ti ìdílé wọn. Ta ni yóò fi ọdún márùn-ún dúró lórí ilẹ̀ tí kò lè fi jogún fún ọmọ rẹ̀?

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni ọmọ tó mọ̀wé. Fìdítì já wọn nírọ́: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ni wọ́n ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, àwọn tó mọ̀wé sì wà lára àwọn tó ń tà á, nítorí pé lọ́jọ́ náà gan-an lowó ń dé ọwọ́. Àwọn mìíràn ní ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì lójú ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà wo ló jẹ́ ọ̀fẹ́? Kí ilé ìwé tó ṣí, ìjọba ti bu owó orí ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lé àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, inú sì bí wọn débi pé ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ pàdánù ìbò àpapọ̀ 1954 lágbègbè òun fúnra rẹ̀. Àwọn òbí ti san án. Ohun tí wọn kò rí gbà ni iṣẹ́ fún ọmọ tó jáde.

Ní 1979, nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé ìwé girama náà di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tún wọlé rẹpẹtẹ, ìbéèrè ohun tó kàn, tí wọ́n ń béèrè lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ní Ìlọrà, sì bá wọn gòkè dé kíláàsì àṣejáde.