Ẹ̀rọ Aṣàwárí Irin àti Ìtàn Tó Wà Nísàlẹ̀ Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo ọ̀nà tí a fi ń wá irin tó jìn nínú ilẹ̀, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá rírí irin náà nìkan ni ó ń sọ ìtàn di mímọ̀.

Wáyà kíká kan wà ní ìdí ẹ̀rọ aṣàwárí irin. Bí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá, agbára òòfà yóò wọ inú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, idẹ tàbí bàbà, ẹ̀rọ yóò dún. Bí ohun náà bá ṣe jìn tó ni ìró rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wá ohun tó jìn fi ń lo wáyà kíká tó fẹ̀, tí ó sì ń rọra fì í. Ṣùgbọ́n irú wáyà bẹ́ẹ̀ a máa fo àwọn ohun kéékèèké. Ní ilẹ̀ wa, yangí, tí èròjà irin kún inú rẹ̀, àti ìdàrọ́ tí àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ fi sílẹ̀, a máa tan ẹ̀rọ náà jẹ.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ. Kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀. A rí iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí inú ilẹ̀ tó yí i ká sọnù. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún rí ère idẹ ní Ìta Yemòó. Lọ́tẹ̀ yìí, Frank Willett wa ilẹ̀ náà ní ìpele-ìpele. Ó rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, èédú inú ilẹ̀ náà sì ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní nǹkan bí 1835, ṣì ń pa ẹ̀rí mọ́. Òfin 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò fàyè gba wíwa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ẹ̀rọ bá dún, kí wọ́n sàmì síbẹ̀, kí wọ́n fi ọkọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ké sí awalẹ̀pìtàn.