Àwọn Ọmọ Ìgbò Ọjà Àlàbá

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí ìjọba sì san ogún pọ́n-ùn péré fún ẹnikẹ́ni, láìka iye owó Biafra tó fi pamọ́ sí báǹkì, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò gbé ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́kù, wọ́n forí lé Èkó. Apá Àjégúnlẹ̀ ni àwọn tó ń ta rédíò wà tẹ́lẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣí wá sí Ọjọ́, ilẹ̀ Àwórì, ọmọ a-tẹ̀lé-àwo-lórí-omi, wọ́n sì gbé orúkọ ọjà wọn, Àlàbá, dání wá.

Èyí tó wù mí jù nínú àṣà wọn ni ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà á gbálẹ̀ ìsọ̀ ní kùtùkùtù, á fi àkísà nu eruku ara tẹlifíṣọ̀n, á máa tẹ́tí sí bí ọ̀gá ṣe ń nájà; bí ọdún rẹ̀ bá pé, ọ̀gá ni yóò fún un ní owó ìdásílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ iṣẹ́ ló ń náwó fíríìdọ́ọ̀mù.

Ọjà wọn kò mọ sí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nìkan. Ní 1992, Kenneth Nnebue, oníṣòwò tó ti kọ́kọ́ náwó sórí fíìmù Yorùbá, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Láìpẹ́, Àlàbá di ọ̀kan lára orírun kásẹ́ẹ̀tì fíìmù.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé: bí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìsọ̀ a tì, ẹrù a ga lórí bọ́ọ̀sì, wọn a sì kọrí sí ìlà-oòrùn.