Fẹ́sípà Bàbá Ìlú Òyìnbó

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìlú Òyìnbó, fi Fẹ́sípà kan sílẹ̀ lọ. Ọdún 1962 ló kó o sínú ọkọ̀ ojú omi wálé láti London nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Nígbà tí bàbá kú tí a pín ogún, kò sẹ́ni tó bá mi du irin tó ti dípẹtà náà. Èmi ní kí n tún un ṣe ni, nítorí mo ti gbọ́ pé àwọn kan wà láyé yìí tí wọ́n ń wá ògbólógbòó Fẹ́sípà kiri bí ẹni ń wá góòlù.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó wò ó yípo, ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀gá, ayédèrú lèyí o. Ítálì ni Fẹ́sípà gidi ti ń wá. Ẹ tiẹ̀ wo iná iwájú ẹ̀, ṣé ibi tó yẹ kó wà nìyẹn?" Lóòótọ́, àárín àyà rẹ̀ ni iná náà wà, lára páànù tó bo ẹsẹ̀. Kò sí lórí mọ́gáàdì, kò sì sí lórí áńdù. Wọ́n sì kọ orúkọ kan, Douglas, síbẹ̀. Ojú tì mí. Àbí wọ́n lu bàbá wa ní jìbìtì ní London ni? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ọkọ̀ òfuurufú ni ilé-iṣẹ́ Piaggio ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù fọ́ ilé-iṣẹ́ wọn tó wà ní Pontedera nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, ọ̀nà ti bàjẹ́, owó kò sí lọ́wọ́ ará ìlú. Enrico Piaggio wá ní kí Corradino D'Ascanio, ẹnjiníà tó ti ṣe hẹlikópítà rí, bá òun ya alùpùpù tí mẹ̀kúnnù lè rà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn alùpùpù rárá! Ó ní ó ń dọ̀tí aṣọ, bí táyà bá sì jò, ìyà ni. Ó bá yọ ṣéènì dànù. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó fi páànù bò ó, ó gbé jíà sọ́wọ́, ó sì fi apá kan ṣoṣo gbá táyà iwájú mú bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, kó lè rọrùn láti yọ. Ó fi àyè sílẹ̀ níwájú ìjókòó kí obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì lè gùn ún láì ya ẹsẹ̀. (Àwọn alágbádá ilẹ̀ wa náà dúpẹ́.) Oṣù kẹrin 1946 ni wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Agbọ́n ni Vespa lédè Ítálì: ìdí ńlá, ìbàdí tín-ín-rín, ohùn tó ń kùn. 2,484 ni wọ́n ṣe lọ́dún náà. Nígbà tó fi máa di 1956, ó ti pé mílíọ̀nù kan.

Ibi tí mẹkáníìkì mi ti ṣìnà nìyí: kì í ṣe Ítálì nìkan ló ṣe wọ́n. Lẹ́yìn ogun, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ owó ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀ bí ojú, kò rọrùn láti kó ọjà wọ̀lú. Piaggio bá ń fún àwọn ẹlòmíràn láṣẹ kí wọ́n máa ṣe é nílẹ̀ tiwọn. Ní Jámánì, Hoffmann ti ìlú Lintorf bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ọjà tà wàrà-wàrà, àmọ́ ọ̀gá náà gbọ́n jù: ó tún Fẹ́sípà ṣe sí ìfẹ́ inú ara rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Königin, ìyẹn ọbabìnrin. Piaggio fárí, àdéhùn dàrú, ilé-iṣẹ́ Hoffmann wọ gbèsè ó sì wó. Ní 1955, Messerschmitt, àwọn tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú fún ogun Hitler, ni wọ́n gba iṣẹ́ náà. Ní Faransé, ACMA ti ìlú Fourchambault tiẹ̀ ṣe ti ológun, tí ìbọn ńlá 75mm dùbúlẹ̀ gba abẹ́ ìjókòó rẹ̀ kọjá, tí wọ́n lè fi páráṣúùtì jù sílẹ̀ láti òfuurufú. Àwọn tó ń kó ògbólógbòó jọ ń jà lé e lórí lónìí. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní tiwọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ní 1957 wọ́n wo ti Ítálì ṣe, wọ́n pè é ní Vyatka. Bí ẹ bá ń wá ayédèrú, ẹ lọ síbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Douglas ti ń ṣe alùpùpù ní Kingswood, lẹ́bàá Bristol, ọjọ́ ti pẹ́, àmọ́ nǹkan ò rọgbọ fún wọn lẹ́yìn ogun. Ọ̀gá wọn lọ gbafẹ́ ní Ítálì ní 1948, ó rí Fẹ́sípà níbẹ̀. Ní 1951 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Orí mọ́gáàdì ni ti Ítálì gbé iná sí nígbà náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì sì ní iná iwájú kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Douglas bá gbé e gòkè sí àyà. Iná tó wà láyà yẹn gan-an ni àwọn tó mọ̀ fi ń dá ti Bristol mọ̀!

Òru ni mo ka èyí, díẹ̀ ló kù kí n jó. Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ sí ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ó ti rẹ́rìn-ín pàdé mi: "Ọ̀gá, mo ti bá yín tún un ṣe." Ó ti yọ iná kúrò láyà, ó ti fi páànù jó ihò rẹ̀ pa, ó ti ha orúkọ Douglas kúrò, ó sì ti ra iná tuntun de áńdù. "Ó ti di ti Ítálì báyìí," ló wí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo gbé e fún un, èmi ni mi ò sọ pé kó dúró. Mo san owó rẹ̀.

Iná àtijọ́ náà wà nínú àpò ìrẹsì nídìí ògiri, mo gbé e lọ sílé. Wẹ́dà kan ní òun lè dá ihò náà lu padà, bí mo bá lè fi ibi tó wà tẹ́lẹ̀ han òun gẹ́lẹ́. A wá fọ́tò títí, a ò rí. Mo gbé Fẹ́sípà náà lọ sọ́dọ̀ Màmá, ìyàwó Bàbá Ìlú Òyìnbó. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n fọwọ́ pa páànù náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ṣọ́ọ̀kì wá, wọ́n sì fà róbótó síbẹ̀.